Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Báwo ni Búlọ́ọ̀kù Yín Ṣe Nípọn Tó Níwájú Iná?

Nínú ẹ̀kọ́ ti ìgbà yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń fi sílẹ̀ fún bíríkìlà nìkan. Ohun náà ni bí a ṣe ń wọn búlọ́ọ̀kù kí a lè mọ iye wákàtí tí ògiri tí a fi mọ yóò fi dá iná dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ẹni tí ó bá lè wọn kòkó, tí ó sì lè ṣírò owó ìpamọ́ oṣooṣù, lè ṣe é. Ohun èlò rẹ̀ kò ju tépù, iyanrìn gbígbẹ àti ike oníwọ̀n lítà kan lọ.

Owó tí ẹgbẹ́ fi ń kọ́lé kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó àjẹṣẹ́kù ni, tàbí owó tí a yá tí gbogbo wa jọ fọwọ́ sí. Ẹrù tí a ó sì kó sínú ilé náà, ẹrù gbogbo wa ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí iná sọ ní ọjà Balógun ní Èkó, iná náà kò dúró sí ilé tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ràn mọ́ àwọn ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ògiri tí ó wà láàárín yàrá méjì ni pé kí iná tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kan má lè dé èkejì kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Bóyá yóò lè ṣe iṣẹ́ náà tàbí kò ní lè ṣe é, ọjọ́ tí a ra búlọ́ọ̀kù ni a ti ń mọ̀ ọ́n.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó kan wà ní agbègbè tí a ń bẹ̀ wò. Wọ́n ń kọ́ ilé ìkẹ́rù tuntun, oníyàrá mẹ́ta: yàrá ńlá fún àpò kòkó, ọ́fíìsì akọ̀wé, àti yàrá kékeré kan fún jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀. Ẹni tí ó ya àwòrán ilé náà kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ògiri àárín yàrá kòkó àti yàrá epo gbọ́dọ̀ lè dá iná dúró fún wákàtí 2, nítorí pé ọkọ̀ panápaná yóò pẹ́ kí ó tó ti ìlú dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbìmọ̀ yan búlọ́ọ̀kù onínṣì 6. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan wá sí ìpàdé, gbogbo ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ fún àbẹ̀wò, wọ́n ti to ìlà mẹ́ta lórí ògiri náà. A mú tépù, a wọn gígùn àti gíga, a bi bíríkìlà léèrè, ó ní onínṣì 6 ni. A kọ ọ́ sínú ìwé àbẹ̀wò wa pé búlọ́ọ̀kù dára. Àwa ni a kọ ọ́; a kò ní fi ẹ̀bi náà lé ẹlòmíràn lórí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ránṣẹ́ sí wa. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi hàn ní ìpàdé ni ó fi ń dá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ dúró láti ọjọ́ náà. Ó wí pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wá wò ó. Mo gbé ti ìpàdé, mo sì gbé èyí tí wọ́n ń já sílẹ̀. Ti ìsinsìnyí fúyẹ́ ju ti ìpàdé lọ.” A padà lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí a mú iyanrìn dání. Kí a tó sọ ohun tí iyanrìn náà sọ fún wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

1. KÍ NI “WÁKÀTÍ” TÍ À Ń SỌ?

Nígbà tí a bá sọ pé ògiri kan jẹ́ ògiri wákàtí 2, kì í ṣe àfẹnusọ. Ní ilé ìdánwò, wọn a mọ ògiri, wọn a sì dá iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ní ọ̀nà tí kì í yí padà. Nínú ìdánwò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ASTM E119, ooru iná náà gbọ́dọ̀ dé 538°C ní ìṣẹ́jú 5, kí ó dé 927°C ní wákàtí 1, kí ó sì dé 1,010°C ní wákàtí 2. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri ni wọ́n ń ṣọ́.

Ògiri náà kùnà bí ọwọ́ iná tàbí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá là á já. Ó kùnà bí ooru ẹ̀gbẹ́ kejì, ní ìdọ́gba, bá fi 139°C ga ju bí ó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ó sì kùnà bí ojú kan ṣoṣo níbẹ̀ bá fi 181°C ga. Wọn a tún fi omi okùn panápaná lù ú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò dúró.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ògiri lè dúró ṣánṣán láìwó, síbẹ̀ kí ó ti kùnà. Bí àpò kòkó bá fara ti ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ògiri náà sì ti gbóná bí agbada tí a fi ń yan gààrì, àpò náà lè jóná láìjẹ́ pé ọwọ́ iná kàn án. Nítorí náà, kì í ṣe agbára ògiri láti gbé òrùlé nìkan ni à ń wá. À ń wá iye àkókò tí ooru yóò fi rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

Kí ni ó ń fa ooru sẹ́yìn? Ara búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ ni. Sìmẹ́ńtì àti iyanrìn tí ó gan pọ̀ ní omi nínú, bí a kò tilẹ̀ fojú rí i. Ooru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi yìí jáde, bí ìgbà tí a ń gbẹ omi inú ìkòkò, kí ibẹ̀ tó lè gbóná ré kọjá 100°C. Bí ara búlọ́ọ̀kù bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ooru ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n inú ihò búlọ́ọ̀kù, afẹ́fẹ́ lásán ni ó wà níbẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí yóò dá ooru dúró.

2. ORÚKỌ BÚLỌ́Ọ̀KÙ KÌ Í ṢE ÌNÍPỌN RẸ̀

Gbogbo wa ni a mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Bí a bá wò ó láti ìta, kóńgò pípé ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ti èkejì, gíga rẹ̀ kò yàtọ̀. Ìgbà tí a bá da gààrì inú rẹ̀ sínú abọ́ wa nílé ni a tó mọ̀ pé kò kún tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni búlọ́ọ̀kù oníhò. “Onínṣì 6” jẹ́ orúkọ ìta. Kò sọ fún wa bí ihò inú rẹ̀ ti tóbi tó.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ní òṣùwọ̀n kan tí a ó máa pè ní ìnípọn gidi nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ rò ó báyìí: ká ní a lè lọ búlọ́ọ̀kù kan kúnná, kí a sì tún un mọ ní gígùn kan náà àti gíga kan náà, ṣùgbọ́n láìní ihò kankan. Yóò tinrín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìnípọn tí ó bá kù yẹn ni ìnípọn gidi, òun ni a sì fi ń wo iye wákàtí.

Ìlànà rẹ̀ ni èyí: ẹ pín ìwọ̀n ara búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ihò kúrò, pẹ̀lú ìwọ̀n ojú rẹ̀, èyí tí í ṣe gígùn lọ́nà gíga.

3. BÍ A ṢE Ń WỌ̀N ỌN

(i) Ẹ yan búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ó kéré tán, láti oríṣiríṣi ibi nínú òkìtì. Ẹ̀yin ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ẹni tí ó ń tà á. Kí ó jẹ́ èyí tí ó ti gan dáadáa, tí igun rẹ̀ kò sì fọ́.

(ii) Ẹ fi tépù wọn gígùn, gíga àti ìnípọn ìta. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, nítorí pé búlọ́ọ̀kù a máa wọ́ lápá kan. Ẹ lo sẹ̀ǹtímítà, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ rọrùn ju ti ínṣì lọ.

(iii) Ẹ tẹ́ ọ̀rá tàbí tapolíìnì sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ sì gbé búlọ́ọ̀kù lé e, kí ẹnu ihò kọjú sókè. Bí ihò bá là á já, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jókòó pẹ́pẹ́ kí iyanrìn má baà sá lọ.

(iv) Ẹ mú iyanrìn tí ó gbẹ, tí a ti jọ̀. Ẹ rọra dà á sínú àwọn ihò náà títí yóò fi kún. Ẹ má ṣe kì í mọ́lẹ̀, ẹ má sì gbọn búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi igi tí ó tọ́ gbá a dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ihò, kí ẹ gbá èyí tí ó dà síta kúrò.

(v) Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kúrò, kí ẹ kó gbogbo iyanrìn inú ihò jọ, kí ẹ sì fi ike lítà kan wọ̀n ọ́n. Bí ẹ ti rọra dà á sínú ihò ni kí ẹ ṣe rọra dà á sínú ike. Ẹni tí ó bá kì í nínú ọ̀kan tí kò kì í nínú èkejì ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

(vi) Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì wá ìdọ́gba wọn.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹgbẹ́ tí ó ní òṣùwọ̀n kòkó tí a ń gbé kọ́, ó sì péye ju ti iyanrìn lọ. Ẹ rẹ búlọ́ọ̀kù sínú omi fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ fi okùn gbé e kọ́ òṣùwọ̀n nígbà tí ó bá rì pátápátá sínú dúrọ́ọ̀mù omi, láìkan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ sì kọ ìwúwo rẹ̀. Ẹ gbé e jáde, kí ẹ jẹ́ kí omi ro kúrò lára rẹ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì tún un wọn nínú afẹ́fẹ́. Ẹ yọ ti inú omi kúrò nínú ti afẹ́fẹ́. Iye kílò tí ó bá kù ni iye lítà ara búlọ́ọ̀kù náà. Fún àpẹẹrẹ, bí ó bá jẹ́ kílò 23.4 nínú afẹ́fẹ́, tí ó sì jẹ́ kílò 12.4 nínú omi, ara rẹ̀ jẹ́ lítà 11. Búlọ́ọ̀kù tí ó bá yọ́ sínú omi náà ti dáhùn ìbéèrè míràn tí ẹ kò tí ì béèrè.

4. ÌṢIRÒ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú búlọ́ọ̀kù tí akọ̀wé fi ń dá ilẹ̀kùn dúró. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, gíga rẹ̀ 22.5, ìnípọn ìta rẹ̀ 15.

Ìwọ̀n rẹ̀ láti ìta: 45 × 22.5 × 15 = 15,187.5. Bí a bá fi 1,000 pín in, ó di lítà 15.19.
Iyanrìn tí ihò rẹ̀ gbà: lítà 4.2.
Ara búlọ́ọ̀kù: 15.19 – 4.2 = lítà 10.99, èyí tí í ṣe 10,990.
Ìwọ̀n ojú rẹ̀: 45 × 22.5 = 1,012.5.
Ìnípọn gidi: 10,990 ÷ 1,012.5 = sẹ̀ǹtímítà 10.9.

Ẹ rí i pé onínṣì 6 tí ìta rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 kò ju 10.9 lọ níwájú iná. Ẹ tún kíyè sí ọgbọ́n kan tí ó wúlò: fún búlọ́ọ̀kù wa tí ojú rẹ̀ jẹ́ 45 lọ́nà 22.5, iye lítà ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye sẹ̀ǹtímítà ìnípọn gidi rẹ̀. Lítà 11 súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 11. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìṣirò tó kù, kí ó má gbàgbé èyí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́ta nínú èyí tí wọ́n já sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Ìdọ́gba wọn ni èyí: gígùn 45, gíga 22.5, ṣùgbọ́n ìnípọn ìta jẹ́ 14. A kò rí èyí nígbà àkọ́kọ́ nítorí pé a kò wọn ìnípọn. Ẹnu bíríkìlà ni a gbà gbọ́.

Ìwọ̀n láti ìta: 45 × 22.5 × 14 = 14,175, èyí ni lítà 14.18.
Iyanrìn inú ihò: lítà 5.3.
Ara búlọ́ọ̀kù: lítà 8.88.
Ìnípọn gidi: 8,880 ÷ 1,012.5 = sẹ̀ǹtímítà 8.8.

Méjèèjì ni a ń pè ní onínṣì 6. Méjèèjì ni a san owó kan náà fún. Ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ lítà 10.99, èkejì jẹ́ 8.88. Bí a bá ra 1,000 irú èyí tí ó kéré, ohun tí ó dé ọwọ́ wa kò ju ohun tí ó wà nínú nǹkan bí 808 irú èyí tí a fọwọ́ sí ní ìpàdé lọ. Kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ ni.

5. ÌNÍPỌN GIDI ÀTI IYE WÁKÀTÍ

Àwọn iye wọ̀nyí wà nínú ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù ní Amẹ́ríkà ń lò. Èyí tí a mú wá yìí wà fún búlọ́ọ̀kù tí a fi òkúta àti iyanrìn tó wọ́pọ̀ ṣe, nítorí pé òun ni ó súnmọ́ tiwa jùlọ:

Wákàtí 1: sẹ̀ǹtímítà 7.1
Wákàtí 1 ààbọ̀: sẹ̀ǹtímítà 9.1
Wákàtí 2: sẹ̀ǹtímítà 10.7
Wákàtí 3: sẹ̀ǹtímítà 13.5
Wákàtí 4: sẹ̀ǹtímítà 15.7

Ohun tí a fi mọ búlọ́ọ̀kù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí a fi òkúta fífúyẹ́ láti inú òkè ayọnáyèéfín ṣe kò nílò ju 8.1 lọ fún wákàtí 2. Iyanrìn tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wú lójijì nígbà tí ooru bá dé nǹkan bí 573°C, wíwú yìí a sì máa mú kí búlọ́ọ̀kù sán. Nítorí náà ni tiwa ṣe gbọ́dọ̀ nípọn jù.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi búlọ́ọ̀kù wa sí i. Èyí tí wọ́n fi hàn ní ìpàdé, 10.9, wọlé sí wákàtí 2, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ó fi wọlé. Èyí tí wọ́n já sílẹ̀, 8.8, ju wákàtí 1 lọ, ṣùgbọ́n kò dé wákàtí 1 ààbọ̀. Ògiri tí ìgbìmọ̀ rò pé yóò fún wọn ní wákàtí 2 kò lè ṣe é.

Fún àfiwé, bí onínṣì 9 tí ó jẹ́ 45 × 22.5 × 22.5 bá gba iyanrìn lítà 7.8, ara rẹ̀ jẹ́ lítà 14.98, ìnípọn gidi rẹ̀ sì jẹ́ 14.8. Wákàtí 3 nìyẹn. Kò dé 4, bí ó ti wù kí ó tóbi lójú tó.

6. OHUN TÍ ÒṢÙWỌ̀N YÌÍ KÒ LÈ SỌ

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kọ́ yìí tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn iye òkè yìí wà fún búlọ́ọ̀kù tí ó ti kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò agbára. Bí a bá po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ iyanrìn púpọ̀, tí a kò sì bu omi sí i títí yóò fi gan, ìnípọn gidi rẹ̀ lè pé lórí ìwé, kí ó sì fọ́ nígbà tí iná bá dé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní Nàìjíríà, àjọ SON ní ìlànà fún búlọ́ọ̀kù oníyanrìn, tí wọ́n ń pè ní NIS 87. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà fún yín bóyá búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti lọ sí ìdánwò.

Lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí ẹ bá ṣírò fúnra yín kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ó wà fún ìgbìmọ̀ láti fi ọ̀kan wé èkejì, àti láti fi mọ ìgbà tí ó yẹ kí a bi onímọ̀ léèrè. Ẹni tí ó ya àwòrán ilé àti àwọn òṣìṣẹ́ panápaná ni yóò sọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

7. BÍ ÌNÍPỌN BÁ DÍN, KÍ NI A LÈ ṢE?

Ọ̀nà méjì ni ó wà yàtọ̀ sí kí a dá búlọ́ọ̀kù padà.

Ọ̀nà kìíní ni sìmẹ́ńtì tí a fi ń rẹ́ ògiri. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì àti iyanrìn rẹ́ ojú méjèèjì, tí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, a lè kà á mọ́ ìnípọn gidi. Ẹ má ṣe kà ju sẹ̀ǹtímítà 1.6 lọ fún ojú kan, bí ó ti wù kí ó nípọn tó. Búlọ́ọ̀kù 8.8 tí a rẹ́ ní 1.2 lójú méjèèjì di 11.2, ó sì wọlé sí wákàtí 2. Ṣùgbọ́n ibi tí ìrẹ́ náà bá ti já bọ́, ibẹ̀ ti padà di 8.8.

Ọ̀nà kejì ni kí a kún gbogbo ihò bí a ti ń to búlọ́ọ̀kù, yálà pẹ̀lú kọnkéré tàbí iyanrìn gbígbẹ tí ó mọ́. Bí gbogbo ihò bá kún láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìku ibì kan, ìnípọn ìta di ìnípọn gidi. Onísẹ̀ǹtímítà 14 tí a kún bẹ́ẹ̀ wọlé sí wákàtí 3. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ ṣọ́ bíríkìlà, nítorí pé bí ògiri bá ti ga, kò sí ẹni tí ó lè rí inú ihò mọ́.

8. BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE PARÍ

A padà sí ẹgbẹ́ wa. Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì. Alága ní kí wọ́n kó gbogbo búlọ́ọ̀kù padà kí wọ́n sì gba owó. Akápò ní wọ́n ti san ìdajì, pé kí wọ́n kàn rẹ́ ògiri lójú méjèèjì, yóò sì di wákàtí 2. Ẹni tí ó mọ búlọ́ọ̀kù, tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún ọdún púpọ̀, jókòó sí ẹ̀yìn. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Nígbà tí wọ́n fún un láyè, ó dìde. Ó ní irin tí ó fi ń mọ àwọn ti àtijọ́ bàjẹ́, ó sì ra òmíràn nígbà tí owó sìmẹ́ńtì gbówó lórí. Ó mọ̀ pé ihò èyí tóbi díẹ̀. Ó wí pé, “Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo dán an wò, ó gba ẹrù, n kò rò pé ọ̀rọ̀ iná wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ fún yín pé irin yàtọ̀.” Àwa náà dìde, a sì jẹ́wọ́ pé àwa ni a kọ “búlọ́ọ̀kù dára” láìwọn ìnípọn. Ìpàdé rọlẹ̀ lẹ́yìn èyí, nítorí pé ẹ̀bi náà ti ní ju olówó kan lọ.

Wọn kò gba ìmọ̀ràn akápò fún ògiri yàrá epo. Ìdí wọn ni pé àpò kòkó àti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù yóò máa gbá ògiri náà lójoojúmọ́, ìrẹ́ rẹ̀ kò sì ní pẹ́ kó tó máa já. Wọ́n tú ìlà mẹ́ta náà. Wọ́n lo àwọn búlọ́ọ̀kù tí ó ti wà nílẹ̀ fún ọgbà tí ó yí ilé ká, níbi tí a kò ti nílò wákàtí kankan. Wọ́n dín owó wọn kù ní ìwọ̀n ohun tí ó dín. Ọkùnrin náà ya irin mìíràn, ó mọ tuntun, akọ̀wé sì fi iyanrìn wọn mẹ́ta nínú ẹrù ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó já a. Ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ṣì jẹ́ títí di òní, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń wọn ihò.

9. IBI TÍ INÁ Ń GBÀ YẸ ÒGIRI SÍLẸ̀

Ògiri wákàtí 4 tí ó ní àlàfo kì í ṣe ògiri wákàtí 4. Kí ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ bíríkìlà, ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí:

Òkè àjà. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jùlọ. Bíríkìlà a mọ ògiri dé ibi àjà, yóò sì dáwọ́ dúró. Lábẹ́ páànù, yàrá méjèèjì jọ di ọ̀kan. Iná yóò gba orí igi àjà kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì láìfọwọ́ kan ògiri. Ẹ jẹ́ kí ògiri kan páànù, kí a sì fi sìmẹ́ńtì dí ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn pákó lásán nínú ògiri wákàtí 2 ni ojú ọ̀nà iná. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí yàrá epo ní ilẹ̀kùn síta nìkan.

Búlọ́ọ̀kù afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe fi sí ògiri àárín rárá.

Ibi tí oníṣẹ́ iná mànàmáná gbẹ́. Bí wọ́n bá gbẹ́ ògiri láti fi wáyà àti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì sí i lójú méjèèjì ní ibì kan náà, ohun tí ó kù láàárín lè má ju ìka méjì lọ.

Ojú ìpàdé búlọ́ọ̀kù. Kí sìmẹ́ńtì kún un lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti lè là kọjá, èéfín yóò là á kọjá.

10. OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ GBỌ́DỌ̀ KỌ SÍNÚ ÌWÉ

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àdéhùn búlọ́ọ̀kù, ẹ má ṣe kọ “onínṣì 6” tàbí “onínṣì 9” nìkan. Ẹ kọ gígùn, gíga, ìnípọn ìta, àti iye lítà iyanrìn tí ihò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ ni yóò yan èyí tí a ó wọ̀n. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù kan tí a fọwọ́ sí pamọ́ sí ọ́fíìsì títí ilé yóò fi parí. Ẹ kọ àbájáde ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìpàdé, kí àwa tí a ń ṣe àbẹ̀wò lè rí i kà. Bí aṣàbẹ̀wò kan bá sì dé ọ̀dọ̀ yín tí kò wọn ìnípọn, ẹ rán an létí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

(1) Búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ 45 × 22.5 × 12.5. Ihò rẹ̀ gba iyanrìn lítà 3.9. Kí ni ìnípọn gidi rẹ̀? Wákàtí mélòó ni? (Ìdáhùn: sẹ̀ǹtímítà 8.6, wákàtí 1, kò dé 1 ààbọ̀.)

(2) Nínú ilé ìkẹ́rù tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ yín, ògiri wo ni ó wà láàárín epo àti ẹrù? Ǹjẹ́ ó kan páànù?

(3) Bí ẹni tí ń tà ọjà fún ẹgbẹ́ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, báwo ni a ṣe lè wọn ọjà rẹ̀ láìfi ìjà sáàárín ara wa?

Ẹ mú tépù àti iyanrìn lọ sí ibi iṣẹ́ yín kí ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù tó ń bọ̀ tó já ẹrù. Iṣẹ́ náà kò ní gbà yín ju wákàtí kan lọ. Ó dìgbà kan ná.